Ẹ̀wù Ínfátà

Nínú ilé wa, kò sí ohun tí kì í wọṣọ. Fìríìjì ní ẹ̀wù, tẹlifíṣọ̀n ní ìbòrí tó ní wajawaja létí, fáànù ní tirẹ̀ tó ń wọ̀ nígbà òtútù, sílíńdà gáàsì pàápàá ní síkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi obìnrin ló ń rán gbogbo rẹ̀. Aránṣọ ni, àgékù aṣọ kì í sì í ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá jókòó pẹ́ sójú kan, mo máa ń yára mira, kó má baà mú téèpù wá wọn èmi náà. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí, nítorí ìdí tí Ọlọ́run gbé fún mi yìí, àgékù ọdún kan kò lè yí i po.

Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Fíúsì. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ iná ló so wáyà kan tí gbogbo òpópónà fi ṣókùnkùn biribiri. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìyá tó bí i gan-an kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó ṣiṣẹ́ iná nílé-iṣẹ́ ńlá kan títí irun iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ó wá dìde lọ́jọ́ kan, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní sólà lòun fẹ́ máa gbé sórí ilé fún àwọn èèyàn. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tán ló tó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ mi kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń dá oníbàárà tí kò mọ̀ rí lóhùn. "Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì." "Omi yín ti gbóná." "Ẹnì kan wá béèrè yín." Àwọn tó ti ń fi ìwọ bá ara wọn ṣeré láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà! Yàrá mi ló tẹ̀ lé tiwọn, ògiri àárín wa kò sì nípọn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìhanrun nìkan ni mò ń gbọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi náà ti lọ́kọ rí.

Òrùlé wa ni Fíúsì kọ́kọ́ gbé sólà sí. Kì í ṣe irú èyí tó ní bátìrì. Páńẹ̀lì ń gba oòrùn lórí òrùlé, wáyà ń gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sínú ínfátà tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ínfátà á yí i padà sí irú iná tí ilé ń lò, èyí tí a kò bá sì lò á gba inú mítà kọjá sórí wáyà iná ìlú, kí àwọn ilé mìíràn lò ó. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa fẹ́ gbé irú rẹ̀ sórí gbogbo òrùlé. Iṣẹ́ ńlá ni. Fíúsì dìde nípàdé, ó ní kí wọ́n fi òrùlé tòun ṣe àyẹ̀wò fún oṣù kan: bí a bá pín gbogbo iná tó yẹ kí páńẹ̀lì mú wá sí ọ̀nà márùn-ún, mẹ́rin á dé orí mítà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún òun. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pe àwọn tó ń kọ̀wé sí wọn láti ibòmíràn.

Kò sọ ìyókù fún wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wa nílé mọ̀ ọ́n. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ ló máa padà lọ dúró sí, ìyàwó rẹ̀ á sì ti jàre títí ayé.

"Ìpín kan yòókù ńkọ́?" ni mo bi í nígbà tó dé láti ìpàdé.

"Ọ̀nà ló ń jẹ ẹ́, Màmá. Ooru ń jẹ díẹ̀ lára páńẹ̀lì, eruku ń jẹ díẹ̀, wáyà ń jẹ díẹ̀, ínfátà náà ń jẹ tirẹ̀ kó tó yí i padà. Kò sí ẹ̀rọ tí gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ ń jáde."

"Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn. Nínú oúnjẹ tí mò ń jẹ, bí ìdajì bá di iṣẹ́, kí ẹ dúpẹ́. Afẹ́fẹ́ ni ìyókù. Ẹni tó bá jókòó tì mí lè jẹ́rìí sí i."

"Ẹ̀yin ò sí nínú àyẹ̀wò, Màmá."

"Ẹ kú oríire."

Ọ̀sẹ̀ tí àyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀ ni mo rí ọmọ mi níwájú ínfátà, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wọn òkè, ó wọn ìhà, ó fi ṣọ́ọ̀kì pa ilà sórí aṣọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, ínfátà ti wọ ẹ̀wù. Aṣọ búlúù tó nípọn ni, fóòmù wà láàárín, rírán onílà méjì yí etí rẹ̀ po. Ó gé fèrèsé kékeré síbi ojú ẹ̀rọ, ó sì fi ọ̀rá tó mọ́ gaara dí i, kí nọ́ńbà lè hàn. Ó fi okùn aṣọ so ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó rọra so wọ́n bí ẹni ń so fìlà ọmọ ìkókó.

Fíúsì wọlé láti òde, ó dúró.

"Kí eruku má baà bà á jẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ilẹ̀ ló ń wò. "Ìwọ lo sáà ní ó ṣe pàtàkì." Ó wá rẹ́rìn-ín.

Ìwọ. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín sí lẹ́yìn ọjọ́ gbọọrọ kì í rántí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní ó dára, ó ní kò sí ínfátà tó gbayì tó báyìí ní gbogbo àdúgbò. Kò parọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ìhanrun yàrá kejì kì í tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ó wá ku nọ́ńbà. Ojoojúmọ́ ni Fíúsì ń wo fóònù rẹ̀, níbi tí ínfátà ti ń ya àwòrán iná tó gba inú rẹ̀ kọjá. Mẹ́rin nínú márùn-ún ló ṣèlérí. Mẹ́ta ló ń rí, lọ́jọ́ mìíràn kì í pé mẹ́ta. Ó gun òrùlé lọ fọ páńẹ̀lì, ó ní kí n bá òun di rọ́bà omi mú nílẹ̀. Orí tí kò yẹ ni mo dì mú, omi sì wọ̀ mí láti ọrùn títí dé ibi tí omi kì í dé láìgbàṣẹ. Páńẹ̀lì mọ́, èmi náà mọ́. Nọ́ńbà gòkè díẹ̀. Ó lọ bẹ aládùúgbò wa, ó gé ẹ̀ka igi tó ń fi òjìji bo páńẹ̀lì kan nírọ̀lẹ́, nítorí ṣe ni wọ́n so gbogbo páńẹ̀lì pọ̀ bí àwọn tó di ara wọn lọ́wọ́ mú gun òkè: bí ẹyọ kan bá ń fà sẹ́yìn, gbogbo wọn ló máa fà sẹ́yìn. Nọ́ńbà tún gòkè díẹ̀. Ó yọ wáyà tó gùn tó sì tín-ínrín, ó fi èyí tó kúrú tó sì nípọn rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Ohun tó ń dà á lọ́kàn rú ni àwòrán inú fóònù. Ó yẹ kó rí bí òkè: kó máa gòkè láàárọ̀, kó ga jù lọ́sàn-án gangan, kó máa sọ̀kalẹ̀ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Tiwa ń gòkè dáadáa, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń mú, orí òkè náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé e.

"Ẹ má wò mí," ni mo sọ. "Àga ni mo jókòó lé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró níwájú ínfátà, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù náà. Kíá ló fà á yọ, ó ń fẹ́ ìka. Mo wà lórí àga mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rí ojú rẹ̀. Ojú ẹni tó bá bàtà ara rẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Ínfátà ní ìhà irin lẹ́yìn tó fi ń mí ooru síta. Bí ooru náà kò bá rọ́nà jáde, kì í jóná; ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣe ló máa ń dẹwọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi tutù. Iná tó yẹ kó yí padà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn pọ̀ jù, kò ní gbà á wọlé. Fóòmù tí ọmọ mi sì fi sínú ẹ̀wù náà, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú kóòtù òtútù ni.

Fíúsì wo apá ibi tí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ wà, ní ìparí òpópónà, bí ẹni pé ó lè rí i láti ibẹ̀. Ó tún etí ẹ̀wù náà ṣe, ó wọlé lọ.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, Fíúsì á bọ́ ẹ̀wù lára ínfátà, á ká a, á gbé e sórí àpótí. Kí ìyàwó rẹ̀ tó dé, á ti wọ̀ ọ́ padà fún un. Mo fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í ṣe ẹnu tí ń gba àwẹ̀.

"Fíúsì, ṣé ilé-ìwé ni ínfátà ń lọ ni, tí o fi ń bọ́ṣọ fún un tí o tún ń wọṣọ fún un?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni? Pé ohun kan ṣoṣo tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún iṣẹ́ mi yìí, òun ló ń bà á jẹ́?"

"Òun ló sì ń bà á jẹ́."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ó dáa. Mi ò rí nǹkan kan. Ojú àgbà ò ríran jìnnà." Mo yíjú sápá kejì, mo ń fetí gbọ́ bó ṣe ń tú okùn. Etí ní tirẹ̀ kò tíì gbó.

Orí òkè inú fóònù yọ jáde. Lọ́sàn-án, ó ń ga, ó ń yípo dáadáa, bí orí òkè ṣe yẹ kó rí. Fíúsì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú ilé ìwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n aránṣọ mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọ mi máa ń so okùn ẹ̀wù náà ní ìso elétí méjì, bí labalábá. Fíúsì oníṣẹ́ iná kò mọ ju bí wọ́n ṣe ń so wáyà lọ: á yí i po, á tún un yí, á tì í bọ abẹ́, á fà á le. Lọ́jọ́ ìsinmi, ọmọ mi mú àkísà wá láti nu eruku ara ẹ̀wù náà, ó rí ìso, ó dúró.

"Ta ló tú èyí?"

Ó yíjú sí mi.

"Màmá?"

"Ọwọ́ mi ò ká òkè yẹn," ni mo dáhùn, òótọ́ sì ni.

Fíúsì jáde láti inú ilé, abẹ ìfárùngbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọṣẹ wà ní ìdajì ojú rẹ̀. "Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Kí ló ṣe é? Rírán rẹ̀ ò dáa?"

"Ó dáa. Ó dáa jù ni. Ooru ò rọ́nà jáde."

Ó mú fóònù wá, ó fi ọjọ́ méjì hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọjọ́ tí ẹ̀wù wà lára ẹ̀rọ àti ọjọ́ tí kò sí. Ẹni tó ń fojú lásán mọ ìbàdí oníbàárà, kò nílò àlàyé. Ó wo òkè tó lórí, ó wo èyí tí kò lórí, ó dá fóònù padà fún un.

"O wá ń wọ̀ ọ́ fún un nírọ̀lẹ́, kí n lè máa rí i."

"Mo rò pé bí mo bá sọ..."

"O ò sọ kí o tó fiṣẹ́ sílẹ̀. O ò tún sọ èyí. Kí lo rò pé mo wà fún nínú ilé yìí? Kí n máa gbé omi kaná?"

Ọṣẹ ń kán láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fíúsì sórí àyà rẹ̀. Ọmọ mi tú ìso náà, ó ká ẹ̀wù, ó gbé e wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó ní, "Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì."

Ìhanrun padà sípò rẹ̀.

Nígbà tí oṣù pé, ìpàdé tún pé ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Mo bá Fíúsì lọ, nítorí àga gbọ̀ngàn náà kò lápá, èmi àti ìdí mi lè jókòó síbẹ̀ láìsí wàhálà. Ọmọ mi ní iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni mo bojú wẹ̀yìn tí mo rí i lórí àga ìkẹyìn, báàgì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

Obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì ni Alága. Ó ní kí Fíúsì sọ tirẹ̀. Fíúsì lẹ àwòrán oṣù náà mọ́ ògiri, òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó ní ní àpapọ̀, ohun tó dé orí mítà jẹ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú márùn-ún. Ìkùnsínú gba gbọ̀ngàn. Ó ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló fà á sẹ́yìn, pé kí wọ́n wo bí àwọn ọjọ́ ìkẹyìn ṣe dára.

Bàbá kan wà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìṣirò, Tíṣà là ń pè é. Ó dìde, ó rìn dé ibi ògiri, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Fíúsì, ọmọ mi, àwọn òkè ìbẹ̀rẹ̀ yìí, kí ló gé wọn lórí?"

"Eruku ni, Tíṣà. A ti fọ̀ ọ́."

"Eruku kì í wo aago. Àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bo páńẹ̀lì, ó yẹ kó mú gbogbo òkè náà kúrú. Èyí jẹ orí, ó fi èjìká sílẹ̀. Kì í ṣe eruku."

"Àṣìṣe kan wà níbi ínfátà, Tíṣà. Mo ti tún un ṣe."

"Àṣìṣe wo?"

Fíúsì yíjú sí ògiri, ó ń tún etí àwòrán kan tẹ̀. Òógùn bo ibi tí irun ti lọ lórí rẹ̀.

"Dá Tíṣà lóhùn," ni Alága wí. "Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá sì mọ̀ ọ́n tí o ń fi pa mọ́, a ò lè gbé òrùlé wa lé ọ lọ́wọ́."

Mo ń wò ó. Ohun tó dì í lẹ́nu kò ṣòro mọ̀. Bó bá dárúkọ ẹ̀wù, àdúgbò á máa fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi kú. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ti lọ. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ pé èmi ni mo ṣe é, ká fi í síbẹ̀."

Àga kan fa ilẹ̀ gììrì lẹ́yìn. Ọmọ mi ti dìde. Ó yọ ẹ̀wù náà nínú báàgì, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sókè ní èjìká méjèèjì bí ẹni ń fi aṣọ han oníbàárà.

"Èyí ni. Èmi ni mo rán an fún ínfátà, èmi ni mo fi fóòmù sí i. Kò ní kí n rán an. Nígbà tó rí i pé ó ń mú ẹ̀rọ gbóná, kò lè sọ fún mi. Ẹ wá fi í sílẹ̀."

Ẹnì kan wá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò ní dárúkọ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ó tún ní fèrèsé!" ni Alága wí, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. "Gbé e wá kí n rí i. Rírán yìí mà mọ́ o."

Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀wù náà, ó fi ìka méjì tẹ fóòmù rẹ̀, ó yíjú sí ògiri. "Àwọn ọjọ́ tí kò wọ̀ ọ́ dà?" Fíúsì fi hàn án. Tíṣà ń mi ètè, ó ń ṣe ìṣirò. "Mẹ́rin kò pé síbẹ̀."

"Kò pé, Tíṣà." Lọ́tẹ̀ yìí, Fíúsì kò wá eruku. "Kò sì ní pé. Lọ́sàn-án, bí àwọn ilé kò bá lo iná púpọ̀, agbára iná orí wáyà ìlú máa ń ga, ínfátà á sì yọwọ́ díẹ̀ kó má baà ba nǹkan jẹ́. Ìgbà tí mo ń ṣèlérí mẹ́rin, mi ò ka ìyẹn mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò máa dín díẹ̀ ní mẹ́rin."

"Èyí ni nọ́ńbà tí mo lè gbà gbọ́," ni Tíṣà wí. "Mẹ́rin géérégé yẹn ti ń kọ mí lóminú láti oṣù tó kọjá." Ó padà sórí àga rẹ̀.

Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn. Níkẹyìn, Alága ní kí Fíúsì kọ́kọ́ ṣe òrùlé gbọ̀ngàn. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá dúró síbi tó sọ, ìyókù di tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta kò ó.

"Àfi kí ìyàwó rẹ̀ má wọn nǹkan kan níbẹ̀," ni Tíṣà wí.

"Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ wọn, Tíṣà," ni ọmọ mi dáhùn. "Ṣòkòtò yín ti fẹ́ jábọ́."

Bí a ṣe ń lọ sílé, àwọn méjèèjì ṣíwájú, èmi ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Èyí tí mo gbọ́ kò pọ̀.

"Nígbà mìíràn, sọ fún mi."

"Mo ti gbọ́."

"Mi ò ní kí o gbọ́. Mo ní kí o sọ."

Ínfátà kò wọ nǹkan kan mọ́. Ìhòòhò ló wà lára ògiri, ìhà irin rẹ̀ hàn síta, bí àgbà tó bọ́ ẹ̀wù nítorí ooru. Mo máa ń rí ọmọ mi tó dúró níwájú rẹ̀ nígbà mìíràn, téèpù lọ́rùn, tó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Òtútù ò ní mú un báyìí?"

"Òtútù loúnjẹ rẹ̀," ni Fíúsì dáhùn láti orí àkàbà.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀wù náà ti di tìmùtìmù lábẹ́ mi. Wọ́n tú okùn rẹ̀, wọ́n rán fèrèsé rẹ̀ pa. Fíúsì kò purọ́ mọ́ ọn rárá: ooru tó bá wọ inú fóòmù yẹn kì í rọ́nà jáde. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó lé e. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí pé kí n wá bá òun ṣa àgékù aṣọ. Mo ní kó ní sùúrù, ara ẹ̀rọ ti gbóná, ó ń dẹwọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́.